Kí Ọyẹ́ Tó Dé: Ẹ Tún Ilé Ṣe, Ẹ Má Sì Gbé Iná Èédú Wọ Yàrá

Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, bí a bá sì jí ní òwúrọ̀ báyìí, a ó rí i pé ètè ti ń gbẹ díẹ̀díẹ̀. Kò ní pẹ́ mọ́ tí ọyẹ́ yóò fi dé. Ní agbègbè wa yìí, láti Ọlọ́runṣògo títí dé àwọn abúlé oko tó wà ní Ẹgbẹ́dá, Lágelú, Akínyẹlé àti Ọ̀nà-Àrà, ìparí oṣù kọkànlá ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Oṣù kejìlá àti oṣù kìn-ín-ní ni ó máa ń le jù, nígbà mìíràn a sì wọ oṣù kejì. Àwọn ìyálé ilé ti ń ra fasilíìnì àti òrí, àwọn mìíràn ti ń tú àpótí wá súwẹ́tà ọmọ. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ara nìkan ni gbogbo ìyẹn wà fún. Ilé ńkọ́? Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ohun tí mo ti rí láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni pé òtútù ọyẹ́ fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn nílẹ̀ wa níbí. Ohun tí a ń ṣe nínú ilé nítorí òtútù náà ni ó ń pani. A ó ti fèrèsé, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó fi àkísà dí gbogbo ihò, a ó wá gbé iná sí àárín ilé, a ó ní a ń lé òtútù. Òtútù yóò lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó burú ju òtútù lọ ni a tì mọ́ra wa.

Kí ni ọyẹ́ gan-an? Atẹ́gùn ni. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń fẹ́ wá. Púpọ̀ nínú eruku tí ń bà lé tábìlì wa, láti ilẹ̀ Chad ni ó ti wá, níbì kan tí wọ́n ń pè ní Bodélé, tí í ṣe ìsàlẹ̀ adágún omi ńlá kan tó ti gbẹ láti ayébáyé. Eruku náà kúnná ju èlùbọ́ tí a fi asẹ́ jọ̀ lọ. Ìdí nìyí tí ó fi ń wọ yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì. Atẹ́gùn yìí a máa fa omi kúrò lára ohun gbogbo, lára aṣọ, lára ewé, lára igi, lára ètè àti ihò imú wa. Nítorí pé ìkùukùu kò sí lójú ọ̀run ní òru, ooru ilẹ̀ a sá lọ, òtútù a sì mú títí di òwúrọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí iná, nítorí òun ni ó burú jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé, bí òtútù bá ti mú, wọn a kó èédú sí àdògán tàbí sítóòfù eléèédú, wọn a jẹ́ kí ó pọ́n ní ìta títí èéfín rẹ̀ yóò fi tán, wọn a wá gbé e wọ yàrá, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a sùn. Àwọn ìyá àgbà tó ń tọ́jú ìyá ìkókó ni ó sábà máa ń ṣe èyí jù, ìfẹ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Wọ́n rò pé níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí èéfín, kò sí ewu. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èédú tó pọ́n dáadáa, tí kò rú èéfín kankan, ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú, kì í fa ikọ́. Ojú kò lè rí i, imú kò sì lè gbọ́ ọ.

Iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa ni láti gbé afẹ́fẹ́ rere láti inú ẹ̀dọ̀fóró lọ sí gbogbo ara. Afẹ́fẹ́ olóró yìí ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju afẹ́fẹ́ rere lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Bí ó bá ti gba àyè lára ẹ̀jẹ̀, afẹ́fẹ́ rere kò rí ibi jókòó sí mọ́. Orí a kọ́kọ́ máa fọ́ ènìyàn, òòyì a máa kọ́ ọ, èébì a máa gbé e, ara a rẹ̀ ẹ́, oorun a sì máa kùn ún. Ẹni tó ti sùn tẹ́lẹ̀ kò ní mọ ọ̀kan nínú gbogbo èyí. Láti ojú oorun ni yóò ti kọjá lọ. Ọmọ kékeré àti aboyún ni ó ń tètè mú, ọmọ inú oyún pàápàá kì í bọ́ níbẹ̀. Nígbà mìíràn gbogbo ará yàrá kan a jí ní òwúrọ̀, orí a máa fọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, wọn a ní ibà ni, ẹlòmíràn a ní iṣẹ́ ayé ni. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ dá iná sí ní alẹ́ àná.

Bí ẹ bá bá ènìyàn nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ẹ má dúró bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ẹ di èémí yín, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé gbayawu, ẹ gbé e jáde sí ìta gbangba, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ọ́síjìn. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ni ó nílò, kì í ṣe epo.

Màmá kan bi mí ní dìsípẹ́ńsárì níjọ́ kan pé, “Nọ́ọ̀sì, ìgbà tí wọ́n bí ìwọ náà ńkọ́? Ṣé kò sí iná ní yàrá ìyá rẹ ni?” Mo ní, “Màmá, iná wà. Ṣùgbọ́n irú ilé wo ni? Ilé alámọ̀ ni, òkè ògiri kò kan òrùlé, fèrèsé onígi ni, atẹ́gùn sì ń gba òkè ògiri kọjá ní gbogbo òru. Ilé tí ẹ ń gbé báyìí, búlọ́ọ̀kù ni, ó ní sílìn, fèrèsé rẹ̀ gíláàsì ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ irin ni. Iná tí ilé àná gbà, ilé ti òní kò gbà á.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dára, àwọn á ra kúbùsù. (Èmi kò sọ pé èéfín ilé àná dára o. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó fi ikọ́ àti ojú tó ń ṣomi san gbèsè rẹ̀.)

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1952, òtútù mú gan-an ní ìlú London. Olúkúlùkù kó èédú inú ilẹ̀ sí ibi ìdáná yàrá rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ náà ń sun tiwọn. Afẹ́fẹ́ ìta dúró jẹ́ẹ́, kò fẹ́, èéfín sì pò mọ́ kùrukùru, ó bo ìlú fún ọjọ́ márùn-ún, láti ọjọ́ karùn-ún títí di ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Nígbà náà wọ́n ka bíi 4,000 ènìyàn tó kú. Àwọn tó tún ìṣirò náà ṣe lẹ́yìn wá sọ pé ó lè tó 12,000. Ìjọba wọn ṣe òfin nípa afẹ́fẹ́ tó mọ́ ní ọdún 1956. Ìyẹn ní ìlú tí òtútù ti ń le ju tiwa lọ fíìfíì, síbẹ̀ èéfín iná tí wọ́n fi ń lé òtútù ni ó pa wọ́n bẹ́ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà, ọmọ ìyá èédú ni. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ó ń tú jáde, tirẹ̀ tilẹ̀ pọ̀ jù. Nígbà ọyẹ́, àwọn kan a gbé e wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí eruku má bàa bà á jẹ́, tàbí nítorí olè. Ẹ má ṣe é. Ìta gbangba ni ibùgbé rẹ̀, kí ó jìnnà sí ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó ẹsẹ̀ bàtà 20 ó kéré tán, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí ilé aládùúgbò.

Báwo wá ni kí a ṣe ti òtútù? Kúbùsù dára ju àdògán lọ. Súwẹ́tà, ìbọ̀sẹ̀ àti fìlà dára ju àdògán lọ. Ẹ gbé ẹní kúrò lórí sìmẹ́ǹtì. Bí kò bá sí bẹ́ẹ̀dì, ẹ tẹ́ àpò tàbí páálí sí abẹ́ ẹní, nítorí láti ilẹ̀ ni òtútù ti ń wọ ara ẹni tó sùn sílẹ̀. Ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ọmọ kúrò níwájú fèrèsé. Ní ti fèrèsé náà, ẹ má tì í pa pátápátá. Bí ó bá jẹ́ onígíláàsì tí a ń pè ní lúfà, ẹ ti ti ìsàlẹ̀, kí ẹ ṣí ewé méjì tó wà lókè. Bí ó bá jẹ́ onígi, ẹ jẹ́ kí ó fẹjú díẹ̀ tó ìbú ọwọ́, kí ẹ ta kọ́tìnì sí i. Bí ilé bá ní fèrèsé méjì tó kọjú síra, ẹ ṣí méjèèjì fún wákàtí kan tàbí méjì ní ọ̀sán nígbà tí oòrùn bá ti mú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú yàrá kan tí a tì pa ni àrùn ń fẹ́, pàápàá ikọ́ àti àìsàn yínrùnyínrùn tí ó máa ń jà ní òkè Ọya nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2016 sí 2017, ó pa ènìyàn tó lé ní 1,000 ní Nàìjíríà. Ẹni tí ibà gbóná sí lára, tí ọrùn rẹ̀ le gan, tí kò fẹ́ ìmọ́lẹ̀, ẹ má fi ṣe ibà lásán.

Ọ̀rọ̀ ìkókó wá kù. Ìkókó kò lè mú ara rẹ̀ gbóná bí àgbà. Òtítọ́ ni àwọn ìyá wa sọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó gbóná jù lọ nínú yàrá náà, tí kì í sì tú afẹ́fẹ́ olóró jáde, ni àyà ìyá rẹ̀. Kí ìyá bọ́ aṣọ ọmọ, kí ó dé e ní fìlà, kí ó di ìdí rẹ̀, kí ó gbé e sí àyà ara rẹ̀ láàrin ọmú méjèèjì, ara kan ara, kí wọ́n sì fi aṣọ àti kúbùsù bo àwọn méjèèjì, kí ojú àti imú ọmọ wà ní gbangba. Ní ìlú Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ èyí ní ọdún 1978, nígbà tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé gbóná kò tó wọn. Lónìí a ti ń kọ́ ọ ní gbogbo àgbáyé. Bí ọwọ́ ìyá bá dí, bàbá ọmọ náà ní àyà. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ẹ má wẹ̀ ẹ́ kí ó tó pé wákàtí 24. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀sán ni kí ẹ máa wẹ̀ ẹ́ nígbà ọyẹ́, kí ẹ tètè nù ún gbẹ.

Ẹ wá fetí sí èyí dáadáa, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n kò pọ̀. Nígbà ọyẹ́ ni a ń tú súwẹ́tà àti aṣọ òtútù jáde láti inú àpótí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó sì ti fi káńfọ̀ sí i láti ọdún tó kọjá kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, àwọn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké olóòórùn yẹn. Láàrin àwa Yorùbá, bí ọkùnrin 1 nínú 5 ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní èròjà kan tó yẹ kí ó máa dáàbò bò ó. G6PD ni wọ́n ń pè é. Kò hàn lójú, ara ọmọ náà le koko. Ṣùgbọ́n bí òórùn káńfọ̀ bá wọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ojú àti ara rẹ̀ a pọ́n bí obì ìyeyè, ìyẹn ibà pọ́njú. Nínú ìkókó, bí ibà pọ́njú bá le, ó lè gun orí lọ ba ọpọlọ jẹ́. Ọmọ tí kò bá kú lè yarọ tàbí kí ó di odi. Nítorí náà káńfọ̀ kò gbọdọ̀ wọ ilé tí ìkókó wà, àti nínú àpótí ìyá ọmọ náà pẹ̀lú, nítorí aṣọ ìyá ni ọmọ ń sùn lé. Aṣọ tó ti bá káńfọ̀ gbé, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátá. Bí ojú ìkókó bá ti pọ́n, ẹ má gbé e sí oòrùn òwúrọ̀ kí ẹ máa retí; ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bákan náà ni kí ẹ má fi róòbù olóòórùn líle pa ihò imú ọmọ kékeré. Kò ní ṣí imú rẹ̀, èémí rẹ̀ ni yóò dí.

Àìsàn tí àwọn ìyá ń bẹ̀rù jù nígbà ọyẹ́ ni òtútù àyà. Orúkọ tí a sọ ọ́ ni ó ń tàn wá jẹ. Kì í ṣe òtútù ni ó ń fà á. Kòkòrò àìfojúrí ni, èéfín inú ilé sì ni ó ń la ọ̀nà fún un. Ọmọ tó ń mí èéfín ìdáná símú lójoojúmọ́, ewu òtútù àyà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì fún un ju èyí tí kò mí i lọ. Ẹ má gbé ọmọ pọ̀n sẹ́yìn tẹ̀ mọ́ ìdí iná. Bí àyè bá wà, ẹ dáná ní ìta tàbí lábẹ́ àtíbàbà, kì í ṣe ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí yàrá mẹ́jọ ṣí sí. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan wà tó ń gbógun ti òtútù àyà, tí ìjọba ti fi kún ti àwọn ọmọdé láti ọdún 2014. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14 ni a ń gba á, a kì í san owó rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú ìjọba.

Báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ikọ́ ọmọ ti kúrò ní ikọ́ lásán? Ẹ ka èémí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà dákẹ́, kí ó má sunkún, ẹ ká aṣọ rẹ̀ sókè, ẹ wo ikùn rẹ̀ bí ó ṣe ń gòkè tó ń sọ̀kalẹ̀, kí ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan gbáko lójú aago tàbí fóònù. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù méjì, bí ó bá mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn. Láti oṣù méjì sí ọdún kan, ìgbà 50. Láti ọdún kan sí ọdún márùn-ún, ìgbà 40. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó bá mí, tàbí tí kò lè mu ọmú, ẹ má tilẹ̀ kà á mọ́, ẹ gbé e kí ẹ máa lọ. Mo ti kọ́ àwọn ìyá tí kò kàwé rárá ní èyí, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ju àwọn mìíràn tó kàwé lọ.

Eruku kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Ẹ má gbálẹ̀ ní gbígbẹ. Ẹ wọ́n omi síwájú, tàbí kí ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀, tábìlì àti ojú fèrèsé. Ìgbálẹ̀ gbígbẹ ń gbé eruku láti ilẹ̀ lọ sí imú ni. Ẹ fọ kọ́tìnì lọ́sẹ̀ méjì méjì, ẹ bo ìkòkò omi àti kàǹga. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń súfèé, tí àwọn dókítà ń pè ní ásímà, kí ó ra oògùn afàsẹ́nu rẹ̀ sílẹ̀ nísinsìnyí, kí ó má dúró di òru tí ilé oògùn ti tì. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ SS, tí a ń pe àìsàn rẹ̀ ní fòníkú-fọ̀ladìde, ọyẹ́ jẹ́ ọ̀tá rẹ̀ ní ọ̀nà méjì: òtútù a máa mú ìrora egungun rẹ̀ dìde, gbígbẹ a sì máa mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ki. Omi gbígbóná ni kí ó fi wẹ̀, kí ó máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní òru.

Ní àwọn abúlé wa, ọ̀rẹ́ àtàtà ni ọyẹ́ jẹ́ fún elélùbọ́. Ìgbà yìí ni gbọ̀dọ̀ ń gbẹ kíákíá, ẹ ó sì rí i lórí àpáta, lórí páànù, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà títì pẹ̀lú láfún àti gàrí. Ṣùgbọ́n ìgbà yìí náà ni èkúté ń kó wá sílé. Iná ti jó igbó, oúnjẹ ti tán lóko, ìkórè sì wà ní yàrá wa. Irú èkúté kan wà tí ọmú rẹ̀ pọ̀ gan-an, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbé ibà Lásà kiri. Ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ ibà yìí ní ọdún 1969, orúkọ ìlú náà ni wọ́n sì fi pè é. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ òkè Ọya ni: ìpínlẹ̀ Òǹdó tiwa níbí àti ìpínlẹ̀ Edo wà lára àwọn tó ń rí i jù, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ sì ti di ibi tí a mọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó ń pọ̀ jù. Bí ibà lásán ni ó ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, ọ̀fun dídùn, àárẹ̀, èébì, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ lè máa yọ ní imú tàbí ní ẹnu. Oògùn rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹni tó ti lo oògùn ibà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta tí ara rẹ̀ kò rọ̀, kí ó má pààrọ̀ oògùn mọ́, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ.

Nítorí náà ẹ má sá oúnjẹ sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ ṣe pẹpẹ onígi tó ga, ẹ tẹ́ ẹní tó mọ́ lé e, kí ẹ kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí òru ni èkúté ń jáde. Inú ike tàbí garawa tó ní ìdérí líle ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe inú àpò. Èlùbọ́ tí a rò nínú omi tó ń hó, iná ti bá a wí. Ẹ̀rù gàrí tí a fi omi tútù pò mu ni ó ń bà mí jù, nítorí ohun tó bá bà lé e lẹ́yìn tí a ti yan án tán, òun náà ni a mu. Kí baálé ilé gbé àtùpà yí ilé ká: ihò tí àtàǹpàkò bá lè wọ̀, èkúté lè gbà á. Ẹ fi sìmẹ́ǹtì dí i, kì í ṣe àkísà. Ẹ kan rọ́bà tàbí pákó pẹlẹbẹ mọ́ ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ìyẹn yóò dá eruku dúró pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí ìgbẹ́ èkúté, ẹ má gbá a ní gbígbẹ, ẹ da omi olóògùn afọṣọfunfun sí i kí ẹ tó nù ún. Ẹ má sì fọ́n ọ̀tápíápíá sí yàrá tí ènìyàn ń sùn. Èkúté nìkan kọ́ ni ó ń mí.

Ó ku iná tí ń ti ìta wá. Igi àti ewé tí ọyẹ́ ti fa omi rẹ̀ gbẹ, ìṣáná kan ṣoṣo tó o. Ẹ ro àyíká ilé mọ́ tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá yí ká, ẹ gbá ewé gbígbẹ kúrò, ẹ má to igi ìdáná ti ara ògiri. Ẹni tó fẹ́ sun oko, kí ó ṣe é ní àárọ̀ kùtùkùtù nígbà tí atẹ́gùn kò tíì gbé, kí ó sọ fún alábàágbè oko rẹ̀, kí omi wà nítòsí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé màjàlà kì í jókòó sí oko. Nínú ilé, ẹ má bu kẹrosíìnì sí àtùpà tàbí sítóòfù tó ń jó lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n da pẹtiróòlù lù máa ń bú gbàmù. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú ìgò omi mímu. Òùngbẹ ń gbẹ ọmọdé lọ́sàn-án ọyẹ́, ìgò tó bá kọ́kọ́ rí ni yóò gbé sẹ́nu. Ọmọ tó bá mu kẹrosíìnì, ẹ má jẹ́ kí ó bì, ẹ má fún un ní epo pupa, nítorí ìgbà tó bá ń bì í jáde ni ó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ilé ìwòsàn ni tààrà.

Ẹni tí iná bá jó, omi tútù tó mọ́ ni kí ẹ máa da sí ojú rẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ó tó wú, kí ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó. Ẹyin, ọ̀gì, epo, pásítà ìfọyín, ìtọ̀ màlúù, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà ní àyè wọn.

Nígbà tí baálé ilé bá gun òrùlé láti dí ihò èkúté, kí ó kúkú wo ìṣó páànù lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ìjì àkọ́rọ̀ òjò ní oṣù kẹta kì í kan ilẹ̀kùn. Eruku ọyẹ́ gbogbo yóò sì ti kún orí páànù àti inú gọ́tà nígbà náà. Omi òjò àkọ́kọ́ àti ìkejì, ẹ jẹ́ kí ó fọ òrùlé lọ, tàbí kí ẹ fi fọ ilẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ tó gbé garawa sí abẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ fún èyí tí ẹ ó mu.